Aṣọ Àlejò Ni Í Kọ́kọ́ Sùn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará Òkè-Ìrì máa ń sọ, tó jẹ́ pé bí àjèjì bá gbọ́ ọ, ojú ẹni tó sọ ọ́ ni yóò wò bóyá orí rẹ̀ pé. Wọ́n á ní, "Aṣọ àlejò ni í kọ́kọ́ sùn." Bí ọkùnrin kan bá ń kánjú àtimú ìyàwó wọlé, wọ́n á sọ ọ́. Bí ọ̀gá tuntun bá dé ibi iṣẹ́ tó sì fẹ́ yí gbogbo nǹkan padà lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Aṣọ kò lójú, kí ló fẹ́ fi sùn? Ibo sì ni àlejò fúnra rẹ̀ wà ní gbogbo àsìkò yẹn, nígbà tí aṣọ rẹ̀ ń sùn nílé onílé? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi ìyá tó bí bàbá mi, wọ́n ní kí n lọ wẹ̀. Ó tó ọdún mélòó kan kí wọ́n tó jókòó sọ ọ́ fún mi. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ni màá ṣe sọ ọ́, àfi ibi tí mo bá ti gbàgbé, ibẹ̀ ni màá ti fi tèmi dí i.

Ahunṣọ kan wà ní Òkè-Ìrì tó ń jẹ́ Láṣebìkan. Bàbá Olófì ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí òfì kò jìnnà sí i láàárọ̀, kò jìnnà sí i lọ́sàn-án. Abẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ló ti ń hunṣọ. Òwú rẹ̀ á ta láti ẹnu òfì, á gba iwájú ilé kọjá, á dé ibi òkúta ńlá kan tó fi dè é mọ́lẹ̀ lókèèrè. Ní àárọ̀ ọyẹ́, bí ìkùukùu bá bo ilẹ̀, èèyàn kì í rí òkúta yẹn rárá. Òwú funfun lásán lèèyàn ń rí, tó ń ti inú ìkùukùu jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí bàbá náà jókòó sídìí rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di aṣọ. Àwọn ọmọdé àdúgbò gbà pé ìkùukùu gan-an ló ń hun.

Ó ní ìyàwó kan tẹ́lẹ̀, Àwẹ̀ró, òun ló ń ran òwú fún un. Àwẹ̀ró ti kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí ohun tí mò ń sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi ìyeyè. Nǹkan ẹlẹ́mìí méjì ló fi sílẹ̀ nílé: adìẹ kan tó ti darúgbó débi pé kò rántí bí wọ́n ṣe ń yé ẹyin mọ́, àti ajá pupa kan tó fúnra rẹ̀ sọ lórúkọ. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí a bá sọ ajá lórúkọ, ó lójú ẹni tí à ń bá wí. Ẹni-a-fẹ́-la-mọ̀ ni Àwẹ̀ró sọ ajá tiẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ẹni tó ń bá wí títí ó fi kú. Gbogbo wa la mọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà, pé a ò mọ ẹni tó fẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ló máa pe gbogbo ìyẹn tán tí ajá ò ní ti dé oko? Ẹniafẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Ẹniafẹ́ kò gba obìnrin kankan láyè lẹ́nu ọ̀nà yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹbí mú obìnrin wá kí Láṣebìkan, kí ó lè rí ẹni tí yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ dúró síta títí ó fi sú u. Ẹnì kejì ju òkò, ó sì sá. Ẹnì kẹta fi ìborí rẹ̀ sílẹ̀ lọ, kò padà wá mú un. Láṣebìkan kò bínú sí ajá. Ká sòótọ́, inú rẹ̀ dùn. Orí ìró àdìrẹ Àwẹ̀ró kan tó ti gbó ni ajá náà ń sùn, ní àárín yàrá, bàbá yóò sì máa wò ó láti orí ẹní tiẹ̀, ilé náà yóò wá dà bí ẹni pé kò tíì ṣófo tán.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kí i láràárọ̀. Ìyùnadé ni, opó kan tí ọgbà ẹ̀yìn ilé rẹ̀ fara kan tiwọn. Ìyá Dọ̀tun ni wọ́n ń fi ọmọ pè é. Nítorí ajá, kì í kọjá ọgbà. Á dúró ní ìhà tiẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olófì," bàbá á sì ní, "Ẹ ṣé," láìgbé orí sókè nídìí òfì. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá di àárọ̀ ọyẹ́ kan. Òtútù mú, ìrì pọ̀, oorun gbé Láṣebìkan lọ nídìí iṣẹ́. Ó lá àlá pé Àwẹ̀ró ń bọ̀ láti inú ìkùukùu, ó ń fi ìka méjì tọ òwú wá bí ẹni tó ń tọ ọ̀nà, nǹkan kan bí eérú wà lápá òsì rẹ̀. Ó gbé nǹkan náà kalẹ̀ sórí òkúta, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó sì padà síbi tó ti wá. Nígbà tí Láṣebìkan lajú, ìkùukùu ti ń gbéra. Ológbò kan jókòó sórí òkúta. Awọ rẹ̀ dà bí eérú, etí rẹ̀ kan ti ya, egungun rẹ̀ ṣeé kà. Ó ń wo bàbá, bàbá náà ń wò ó.

"Àwẹ̀ró ló rán ọ," ni Láṣebìkan wí.

Ológbò yán lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ń kọjá lọ sóko rí i, wọ́n ní kí ó ṣọ́ra, pé ológbò tó dá wá láti inú ìkùukùu, a kì í mọ ẹni tó ni ín, a kì í sì í mọ ohun tó wá wá. Orí ẹja ni Láṣebìkan lọ mú wá. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni ológbò fi wà nínú àtíbàbà, tí kò sí eku tó jẹ́ fẹnu kan òwú mọ́. Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ ìyeyè, ni Ẹniafẹ́ máa ń wà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, nítorí náà wọn kò tíì ríra. Lọ́jọ́ kẹrin, Láṣebìkan pinnu pé òtútù ti pọ̀ jù fún ẹni tí Àwẹ̀ró rán wá, àfi kí ó wọlé.

Ibí yìí ni kí ẹ ti bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ẹkún ń bọ̀. Ìyàwó tuntun kì í fi eruku ọ̀nà wọ ilé ọkọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń bu omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé e bọ̀ lè dúró síta. Láṣebìkan rò ó pé bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tó fẹ́ di ará ilé náà nìyẹn, ọ̀nà mìíràn kò sí. Ó bu omi inú àmù, omi ọyẹ́ tó ń gé èèyàn lọ́wọ́. Ó gbé ológbò mọ́ àyà lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i káàbọ̀, ó ní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tu ilé lára, ó sì da omi náà sí i lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹni tó bá ti da omi sí ológbò lára rí ni kí n máa bá sọ̀rọ̀. Ó fa bàbá náà ya láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Láṣebìkan lọgun, "Yéè! Ẹ gbà mí!" Ẹniafẹ́ gbọ́, ó sáré láti ẹ̀yìnkùlé wá. Ohun tí ajá náà rí ni pé ọ̀gá rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹranko kan tí kò mọ̀ rí sì wà láyà rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó bẹ́ mọ́ ọn. Ológbò gba inú òfì kọjá, òwú já, ó gun òpó, ó wọ àárín igi àjà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́ sílẹ̀ látòkè. Adìẹ nìkan ló ń jẹ̀ kiri nínú gbogbo rẹ̀. Ó ti fi ẹnu sọ ológbò nímú lẹ́ẹ̀kan nínú àtíbàbà, ìyẹn sì ti parí ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Bí Láṣebìkan bá fi mọ síbẹ̀, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó rò pé bí àwọn méjèèjì bá ti jọ ní nǹkan kan náà, ìjà á tán. Ló bá gbé ìró àdìrẹ Àwẹ̀ró tí ajá ń sùn lé. Ahunṣọ ni o, ẹni tó mọ bí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ṣe ń dé ibi tó dé. Ó fi eyín já a létí, ó sì fà á ya sí méjì. Ó tẹ́ ìdajì fún ajá níbi tó máa ń wà. Ó tẹ́ ìdajì yòókù sínú agbọ̀n òwú, ó fi ẹja tan ológbò sọ̀kalẹ̀ sórí rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ẹniafẹ́ wọlé. Ó gbóòórùn ìdajì tiẹ̀. Ó rìn lọ síbi agbọ̀n, ó gbóòórùn ìdajì kejì, ibi tí òórùn ológbò ti bo òórùn Àwẹ̀ró mọ́lẹ̀. Kò gbó. Láṣebìkan sọ ọ́ títí ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé ì bá dùn mọ́ òun kí ajá náà gbó. Ó yí padà, ó jáde, ó lọ dùbúlẹ̀ lórí sàréè lábẹ́ ìyeyè, ó sì gbé orí lé ilẹ̀.

Láṣebìkan gbé ẹ̀kọ fún un, kò jẹ ẹ́. Ó gbé ẹja fún un, eèrà ló jẹ ẹ́. Bàbá ra egungun ẹran, ó jókòó tì í, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àgbà. Ajá ò wò ó. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ìhà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí Láṣebìkan pe orúkọ rẹ̀, ìrù nìkan ló mì, díẹ̀ báyìí. Ẹ̀rù wá bà á gan-an. Àwẹ̀ró ló máa ń pe orúkọ yẹn láti ìdí ìyeyè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, nígbàkigbà tí òun náà bá sì pè é, bí ajá ṣe máa ń nàró ló ń jẹ́ kí ó rántí ohùn ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjì péré ló mọ ohùn yẹn dáadáa láyé. Bí ọ̀kan bá kú, ta ni èkejì yóò máa rántí pẹ̀lú?

Lọ́jọ́ karùn-ún, kí oòrùn tó yọ dáadáa, ó gbé ológbò sínú agbọ̀n, ó fi okùn de agbọ̀n lẹ́nu, ó sì gba ọ̀nà odò. Òdìkejì odò ló fẹ́ sọ ọ́ sí. Ìkùukùu ṣì wà lójú ọ̀nà. Ló bá rí ìkòkò omi tó ń bọ̀ nínú ìkùukùu láìsí orí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó súnmọ́ tòsí ló tó rí i pé Ìyùnadé ló rù ú.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Olófì. Kí ló ń sunkún nínú agbọ̀n yìí?"

"Ológbò ni, Ìyá Dọ̀tun."

"Ibo lẹ ń gbé e lọ?"

"Òdìkejì odò."

"Ó ṣe yín ní nǹkan ni?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é." Ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Nígbà tó dé ibi tó ti fọ ẹsẹ̀ ológbò, ẹ̀rín pa Ìyùnadé débi pé omi orí rẹ̀ dà sí i lára.

"Ẹ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀! Ẹ ò kúkú ṣe ìdána!"

Láṣebìkan kò rẹ́rìn-ín. "Ajá yẹn ń kú lọ, Ìyá Dọ̀tun. Òun nìkan ló kù tó mọ ohùn rẹ̀. Bó bá kú, ó ku èmi nìkan." Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìyùnadé sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó wo agbọ̀n.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín," ó ní. "Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú mi wọ ilé bàbá Dọ̀tun, ìyálé mi ti wà níbẹ̀. Obìnrin yẹn le. Ìyá ọkọ mi wá ránṣẹ́ sílé wa pé kí n fi ìró kan ránṣẹ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo mọ aṣọ fọ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí okùn tí ìyálé mi ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi ìró náà kọ́. Lọ́jọ́ kìíní, ó já a, ó jù ú sórí ààtàn. Ìyá ọkọ mi kò wí nǹkan kan, wọ́n lọ mú un, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún un kọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ó fi nu ilẹ̀. Wọ́n tún fọ̀ ọ́, wọ́n tún kọ́ ọ. Báyìí báyìí títí oṣù méjì. Ó di ọjọ́ kan, òjò ṣú, kò sí ẹnì kankan nílé àfi òun. Ó sáré jáde lọ ká aṣọ rẹ̀. Ó ká tèmi náà mọ́ ọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá ọkọ mi ní ó tó, kí wọ́n lọ mú ìyàwó wá."

"Nígbà tó rí yín ńkọ́?"

"Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, 'Ìwọ lo ni ìró yẹn?' Mo ní èmi ni. Ó ní kí n wọlé kí n jẹun."

"Ẹ ò wá jà mọ́?"

"Háà, a jà! A jà títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n kò fìgbà kan sọ pé kí n lọ." Ó tú ìborùn èjìká rẹ̀, ó ṣí agbọ̀n, ó fi aṣọ náà gbá ológbò mọ́ra láìyọ ọ́ lẹ́nu. "Ẹ gbé ẹni tí ajá kò mọ̀ wá, ẹ ní kí ó bá a sùn. Ìwọ̀nyí kò ní ẹnu tí wọ́n á fi bi ara wọn pé ọmọ ta ni ọ́. Imú ni wọ́n ń fi bi í. Ẹ fi ológbò yìí sọ́dọ̀ mi. Orí ìborùn mi ni yóò máa sùn. Láràárọ̀, ẹ wá mú aṣọ náà, ẹ gbé e síbi tí ajá ti lè rí i. Ẹ má fi lọ̀ ọ́, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Nírọ̀lẹ́, ẹ dá a padà. Ẹ jẹ́ kí aṣọ kọ́kọ́ sùn níbẹ̀ ná."

"Bó bá jù ú nù ńkọ́?"

"Ẹ tún un gbé. Ẹ sì lọ rán èyí tí ẹ ya yẹn. Ahunṣọ tó ń faṣọ ya, ojú ò tì yín?"

Ọwọ́ obìnrin náà kún fún ológbò, kò lè ru omi mọ́. Bí Bàbá Olófì ṣe gbé ìkòkò omi lé orí nìyẹn, tó tẹ̀ lé Ìyùnadé wọ ìlú. Àwọn tó rí i lọ́jọ́ náà kò yé sọ ọ́ títí oṣù fi parí.

Nígbà tó délé, ó kó ìdajì méjèèjì ìró Àwẹ̀ró jọ, ó fi òwú tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ rán an. Ojú ibi tó ti rán an hàn gbangba. Ó tẹ́ ẹ sí àyè rẹ̀ ní àárín yàrá.

Àárọ̀ kejì ló kọ́kọ́ mú ìborùn wá. Ó gbé e sílẹ̀ nítòsí sàréè, ó bu omi tì í, ó padà sídìí òfì. Ẹniafẹ́ gbé orí sókè, ó gbóòórùn afẹ́fẹ́, ó kùn mọ́ aṣọ náà. Nígbà tó kùn tán, ó lá omi. Adìẹ wá, ó rí i pé aṣọ náà rọ̀, ó bà lé e, ó sì jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, aṣọ náà pòórá. Láṣebìkan wá a kiri kí ó tó rí i lókèèrè, lẹ́yìn òkúta tí ó fi de òwú, nínú ẹrẹ̀. Ajá ti dìde láti orí sàréè, ó ti fi ẹnu gbé e lọ síbẹ̀, ó ti padà wá dùbúlẹ̀, ó ń mí hẹ́lẹ́. Bàbá náà kò bínú. Ó sáré dé ọgbà Ìyùnadé.

"Ìyá Dọ̀tun! Ó ti jù ú nù! Ó ti jù ú sí ààtàn!"

"Ẹ ṣeun," ni Ìyùnadé wí. "Ó ku kó fi nu ilẹ̀."

Ẹniafẹ́ kò fi nu ilẹ̀. Ó tọ̀ sí i. Ohun kan náà ni. Ìyùnadé fọ̀ ọ́, ológbò tún sùn lé e, bàbá tún gbé e lọ. Ohun tó ń mú inú Láṣebìkan dùn ni pé ajá tó ń kú lọ kì í dìde lọ bá aṣọ jà. Lọ́jọ́ keje, ó gbé abọ́ ẹ̀kọ lé etí ìborùn náà gan-an. Ajá wo abọ́, ó wo aṣọ, ó tún wo abọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fi ẹsẹ̀ kan tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́, kí ó má bàa lọ ibì kankan. Láṣebìkan dá iṣẹ́ dúró, ó bo ojú, ó sunkún ayọ̀ sínú òwú ọwọ́ rẹ̀.

Láràárọ̀ ló ń lọ mú aṣọ, nírọ̀lẹ́ ló ń dá a padà. Ẹni tó ń sọ "Ẹ ṣé" láìgbé orí sókè wá di ẹni tó ń jókòó sórí àpótí nílé Ìyùnadé kí oòrùn tó yọ, tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ológbò, tí ọ̀rọ̀ ológbò á tán, tí wọn ò sì ní dìde. Ìkùukùu á wà níta, ológbò á wà láàárín wọn, wọ́n á máa mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ó sọ nípa Àwẹ̀ró fún un. Ìyùnadé náà sọ nípa ìyálé rẹ̀, pé òun kò mọ̀ pé òun á ṣàárò obìnrin tó le tó bẹ́ẹ̀.

Ó di ọjọ́ kan tí Láṣebìkan gbàgbé láti dá ìborùn padà. Ó sùn lọ, aṣọ sì wà níta lábẹ́ ìyeyè. Ìrì ọjọ́ yẹn pọ̀, ó ń kán láti ara ewé bí òjò. Nígbà tó jí láàárọ̀, tó rántí, tó sáré dé ẹ̀yìnkùlé, kò sí aṣọ, kò sì sí ajá lórí sàréè. Ó padà wọlé láti mú ọ̀pá, ibẹ̀ ló ti rí wọn. Ẹniafẹ́ wà ní àyè rẹ̀ àtijọ́ ní àárín yàrá. Ìró Àwẹ̀ró wà lábẹ́ rẹ̀, ìborùn wà lórí ìró náà, ó ti tutù díẹ̀ létí kan. Ó ti ká a wọlé nínú ìrì. Ó ń sùn fọnfọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà lójú àlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló lọ mú ológbò. Kò bu omi. Kò kí i káàbọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì lọ jókòó sídìí òfì bí ẹni tí kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹniafẹ́ gbé orí sókè. Ó fi imú kan ológbò lórí, lẹ́yìn, nídìí. Ó sín. Lẹ́yìn náà ó sún ìrù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ológbò sì jókòó sí etí ìborùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó lọ sọ́jà tó sì dé.

Bí ìtàn bá fẹ́ parí síbẹ̀, ẹ̀yin náà á ní ó ti yé yín. Ṣùgbọ́n ìyá tó sọ ọ́ fún mi ní ibẹ̀ kọ́ ló ti di òwe.

Ọyẹ́ lọ, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Láṣebìkan ń hunṣọ, ó gbọ́ ẹsẹ̀. Ó gbé orí sókè. Ìyùnadé ti kọjá ọgbà. Ó ti kọjá ìdí ìyeyè. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ibi tí obìnrin mẹ́ta ti yí padà lọ.

"Ìborùn mi ni mo wá mú," ó ní. Kò wo ojú bàbá.

Ẹniafẹ́ jáde. Láṣebìkan dìde láti lọ dì í mú, ṣùgbọ́n ajá ti ṣáájú rẹ̀. Ajá náà rìn dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ ta ni ológbò ti ń sùn lé láti ọjọ́ yìí wá? Òórùn ta ló ti wà lára ìborùn yẹn pẹ̀lú ti ológbò, láàárọ̀, lọ́sàn-án, tí ajá jù ú nù, tó tọ̀ sí i, tó jẹun lé e, tó sì ká a kúrò nínú ìrì? Ẹniafẹ́ ju ìrù. Ó yí padà, ó wọlé lọ dùbúlẹ̀.

Bóyá Ìyùnadé ti mọ̀ láti ọjọ́ ojú ọ̀nà odò tó tú aṣọ èjìká rẹ̀, èmi kò sí níbẹ̀, n kò sì ní búra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Láṣebìkan dúró síbẹ̀, ó ń wo ajá, ó ń wo obìnrin, ó sì rántí ọdún mẹ́ta gbáko tí ẹnì kan fi ń kí i lórí ọgbà láràárọ̀ tí kò gbé orí sókè. Ìyókù orúkọ ajá náà wá yé e, èyí tí kò sẹ́ni tó máa ń pè. Ó dùn ún, ó sì dùn mọ́ ọn.

"Ìborùn yẹn ti mọ ilé, Ìyùnadé," ó ní. Kò pè é lórúkọ rí. "Bó o bá mú un lọ, àwọn méjì yìí kò ní sùn."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Wọlé."

Ìyùnadé wo ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rín ti ń fa ẹnu rẹ̀. "Ẹ ò ní fọ ẹsẹ̀ mi ni?"

"Màá fọ̀ ọ́."

"Omi tútù yẹn náà?"

"Ó ti wà lórí iná," ni Láṣebìkan wí, ó sì yára lọ koná, nítorí irọ́ ló pa.

Nígbà tí àdúgbò gbọ́, wọ́n kóra jọ, wọ́n ní ìgbà wo ni, ta ló lọ tọrọ rẹ̀, báwo ni ajá burúkú yẹn ṣe gbà fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bàbá Olófì kò dá òfì dúró. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo, pé Ìyùnadé ti ń gbé níbẹ̀ láti inú ọyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ní kò yé àwọn. Ó ní, "Aṣọ àlejò ni í kọ́kọ́ sùn."